Gírámà àti àmì ìkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì: ẹ gbé ìbéèrè yín kalẹ̀ níbí (Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan fẹ́ fi lẹ́tà yìí bèèrè iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. A kà á, a mọ̀ pé ó mẹ́hẹ, ṣùgbọ́n a kò lè tọ́ka sí ibi tó ti mẹ́hẹ. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

"Dear Sir ,
I have seen your announce yesterday. I have 24 years, I am in Porto-Novo since 2019. I work in a library since three years, i sell books and i give informations to the customers. Can you tell me when will start the formation ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn tún un kọ fún wa. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

O ṣeun, àbúrò. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Faransé ló dì í lọ́wọ́ mú. Yorùbá tó bá lọ sílé ìwé Faransé, èdè méjì ló ń bá a jà nígbà tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà bí àṣìṣe bá yọjú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé nínú èwo ló ti jáde. Nínú lẹ́tà yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Faransé ló ni gbogbo ẹ̀bi náà.

"I have seen yesterday": "j'ai vu hier" ló bí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá pátápátá, bíi "yesterday", "last week", "in 1975", kò sí àyè fún "have" mọ́. "I saw your advertisement yesterday." Bákan náà ni "Dahomey became Benin in 1975". "Has become in 1975" kò ṣeé gbà.

"I have 24 years": ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, "be" ni wọ́n ń lò. Ẹ kọ "I am 24" tàbí "I am 24 years old". Tí "years" bá ti wọlé, "old" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

"I am in Porto-Novo since 2019": ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí òun ló ń pa máàkì jù. Faransé ń sọ pé "je suis ici depuis 2019", ó sì parí síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní, ohun tó bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn tí kò sì tíì dáwọ́ dúró, "have" tàbí "has" ló máa gbé e, pẹ̀lú ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tó wà ní òpó kẹta nínú tábìlì "go, went, gone". "I have lived in Porto-Novo since 2019." "Benin has been independent since 1960." Bí ẹ bá sọ pé "Benin is independent since 1960", ohùn Faransé ti hàn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, "since" àti "for". Faransé fi "depuis" kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ìdí rèé tí "since three years" fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Since" ń mú ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀: since 2019, since Monday, since I left school. "For" ń mú bó ṣe gùn tó: for three years, for two weeks. Tí ẹ bá lè ka iye rẹ̀ (ọdún mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì), "for" ni.

Ti ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò gùn. "Library" ni ibi tí a ti ń yá ìwé kà, ibi tí wọ́n ti ń tà á ni "bookshop". "Announce" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "advertisement" ló ń wá. "Formation" nínú irú lẹ́tà yìí, "training" ni. "Information" kì í gba "s" láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ni "advice", "equipment", "furniture" àti "luggage". Tí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ sọ pé "two pieces of advice".

Èyí tó kẹ́yìn: "tell me when will start the formation". Bí ìbéèrè bá wà nínú ikùn gbólóhùn mìíràn, olùwà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: "tell me when the training will start". Ohun kan náà ni "I want to know where the office is", kì í ṣe "where is the office".

Mo fi ti àmì sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Aṣògbufọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà á lọ́wọ́ yín.

Àlàfo tó wà ṣáájú àmì ìbéèrè nínú "formation ?", òfin Faransé ni. Faransé ń fi àlàfo síwájú ? ! : àti ; ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í síbẹ̀ rárá. Ti "Dear Sir ," yẹn, Faransé pàápàá kò gbà á. Ẹ tún wo ẹ̀rọ yín o: tí Word bá wà ní èdè Faransé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ti àlàfo yẹn wọlé, tí ẹ bá pa á, á tún dá a padà. Ẹ sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ yí èdè àyẹ̀wò rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Àmì àyọlò náà yàtọ̀: « » dúró sílé Faransé, " " tàbí ' ' ni ti Gẹ̀ẹ́sì.

"I" tó túmọ̀ sí èmi, lẹ́tà ńlá ni níbikíbi tó bá wà, ì báà jẹ́ àárín gbólóhùn. Orúkọ ọjọ́, oṣù, èdè àti ìran náà ń gba lẹ́tà ńlá: Monday, March, French, Beninese. Nínú Faransé, lundi, mars, le français, lẹ́tà kékeré ni gbogbo wọn, ọwọ́ a sì máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ojú tèmi, kọ́mà tó wà láàárín "24 years" àti "I am" burú ju gbogbo ìyókù lọ. Gbólóhùn odidi méjì ló so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Faransé sábà máa ń fojú fò ó. Yorùbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: "Mo délé, mo jẹun, mo sùn", ta ni yóò fagi lé e? Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà, agbára kọ́mà nìkan kò tó láti di gbólóhùn méjì mú. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi àmì ìdánudúró rọ́pò kọ́mà náà, kí ẹ ka ọ̀tún, kí ẹ ka òsì. Bí méjèèjì bá dá dúró lẹ́sẹ̀ ara wọn, kọ́mà nìkan kò tọ́ níbẹ̀.

Ẹ lè là wọ́n pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Ẹ lè fi "and", "but", "so" tàbí "or" sẹ́yìn kọ́mà. Ẹ tún lè fi àmì ; (semicolon) sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ìgbà tí gbólóhùn kejì bá ń ṣàlàyé èkíní tàbí tó ti inú rẹ̀ jáde: "The road was flooded; the lorries stayed in Ketu." Ẹ má fi í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "however" àti "therefore". Wọ́n jọ "but" àti "so" lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í so gbólóhùn pọ̀. "The road was flooded, however, the lorries left" kò dáa. "The road was flooded; however, the lorries left" ló dáa, tàbí kí àmì ìdánudúró wà ṣáájú, kí "However," bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun.

Lẹ́tà náà wá di báyìí:

"Dear Sir,
I saw your advertisement yesterday and would like to apply for the position. I am 24 years old, and I have lived in Porto-Novo since 2019. I have been working in a bookshop for three years, where I sell books and give information to customers. Could you please tell me when the training will start?
Yours faithfully,"

"Could you please" rọ̀ ju "can you" lọ. "Yours faithfully" ni èmi kọ nítorí pé "Dear Sir" ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ orúkọ ẹni náà, tí ẹ sì kọ "Dear Mr" pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀, "Yours sincerely" ló máa parí rẹ̀ ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó. Ẹ má sì kọ "M." bíi ti Faransé. Ẹni tó wà ní Èkó á rò pé lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú làálàá o. Àwọn ọmọ mú ìwé dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, "its" àti "it's" ni wọ́n fi pẹ́ńsù pupa fà ká. Wọ́n tún fagi lé "the teachers room". Kí ni ìyàtọ̀?

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kúulé, Ìyá Ìbejì. "It's" ni "it is" tàbí "it has" tí wọ́n gé kúrú, kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Kí àwọn ọmọ fi "it is" tàbí "it has" rọ́pò rẹ̀. Bí gbólóhùn bá bàjẹ́, kí wọ́n yọ àpọ́sítírófì kúrò. "Porto-Novo is proud of it is museums" kò nítumọ̀, nítorí náà "its museums" ni. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni his, hers, ours, yours, theirs, kò sí èyí tó ní àpọ́sítírófì nínú wọn.

Ohun tó ń dàrú mọ́ wọn lójú ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ń gba àpọ́sítírófì láti fi ẹni tó ni nǹkan hàn. Níbí, èdè wa méjèèjì ló ń ṣì wá lọ́nà. Yorùbá ní "ìwé olùkọ́", Faransé ní "le livre du professeur", ohun tí a ní ló ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì yí i padà, olóhun ló ṣáájú: "the teacher's book". Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ olóhun tán pátápátá, bó ṣe jẹ́ ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, kí wọ́n tó wo ìparí rẹ̀. Olùkọ́ kan: teacher, fi 's kún un, "the teacher's room". Olùkọ́ púpọ̀: teachers, "s" ti wà níbẹ̀, àpọ́sítírófì nìkan ló kù, "the teachers' room". Children kò ní "s" bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀, nítorí náà "the children's room".

Ọ̀pọ̀ lásán kò gba àpọ́sítírófì. "Tomato's" tí ẹ máa ń rí lára pátákó ọjà, "tomatoes" ni. "The 1990s", kò sí nǹkan kan láàárín 0 àti s.

Akẹ́kọ̀ọ́_BAC (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀. "My grandfather live in Savè. They are a farmer." Wọ́n ní kò dáa. Ṣé kí n máa pe bàbá àgbà ní "he" bí ẹni pe ọmọdé ni?

Aṣògbufọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́

Dìde, àbúrò. Yorùbá ló fa ti èyí, Faransé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. "Wọn" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan ni bàbá àgbà, "he" ni, kódà bó jẹ́ Alákétu fúnra wọn ni à ń sọ̀rọ̀ wọn. Inú oyè àti ọ̀nà ìbéèrè ni ọ̀wọ̀ wà: "sir", "could you", "would you mind".

Ìṣòro kejì fara sin. "Ó" wa kan ṣoṣo ló di mẹ́ta níbẹ̀: he, she, it. Nítorí èyí ni àròkọ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "my mother" tó sì ń parí sí "he". Tí o bá kọ àròkọ tán, fi pẹ́ńsù fa òbìrípo yí gbogbo he, she, it àti they ká, kí o fa ìlà láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó dúró fún. Èyí tí kò bá rí ibi tí ìlà rẹ̀ máa lọ, tún un ṣe.

Ti "live": mo ń gbé, o ń gbé, ó ń gbé, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà. Faransé ń yí i padà lójú ìwé, ṣùgbọ́n "je parle" àti "il parle" dọ́gba létí, nítorí náà etí kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ojú ni kí o fi wá "s": he lives, she farms, it costs. Bí "does" bá ti wọlé, òun ló gba "s" náà, ọ̀rọ̀-ìṣe gidi á padà sí ìhòòhò: "Does he live in Savè?" "He doesn't live here." Bákan náà ni "did" ṣe ń gba ìgbà tó kọjá mọ́ra: "Did you go?" "Did you went" ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọlọ́jà_Ouando

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Mo ti rí "they" fún ẹnì kan nínú lẹ́tà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣé àwọn náà ṣì í ni?

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

Wọn kò ṣì í. Bí a kò bá mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, "they" tọ́ fún ẹnì kan: "If a customer calls, ask them to wait." Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ á sì wà bíi ti ọ̀pọ̀, "they are". Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n fi "they" pe òun, ìyẹn náà wà. Bàbá àgbà tí a mọ̀ dáadáa kò sí nínú méjèèjì.

Ọlọ́jà_Ouando

Mo gbọ́. Tèmi wá dé: ìwé owó tí à ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà. A kọ 12.500 kg, wọ́n ní kò yé àwọn.

Aṣògbufọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́

Kò lè yé wọn. Kílò méjìlá àti ààbọ̀ ni wọ́n kà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìdánudúró ló ń ya odidi kúrò lára ìdá, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún, ó dojú kọ ti Faransé pátápátá. 12.500 kg yín di "12,500 kg", 2,5 tọ́ọ̀nù di "2.5 tonnes". Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé owó tó bá da ìlànà méjèèjì pọ̀ ló léwu jù, torí kò sí ẹni tó máa mọ èyí tó tọ́.

Àwọn yòókù tó ń dá ìjà sílẹ̀: "milliard" Faransé ni "billion" Gẹ̀ẹ́sì, 1,000,000,000. "Billion" ti Faransé fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún jù ú lọ, ẹ má ṣe túmọ̀ wọn síra wọn. "Two hundred bags", "five million francs", kò sí "s" lẹ́yìn hundred àti million tí iye bá ṣáájú. "Hundreds of bags" ló ní in. Àmì owó máa ń ṣáájú: "FCFA 150,000", "₦150,000".

Ní ti ọjọ́, 05/03/2025 jẹ́ 5 March lójú tiwa àti lójú ará Nàìjíríà, ṣùgbọ́n 3 May ni lójú ará Amẹ́ríkà. Ẹ kọ orúkọ oṣù náà jáde: "5 March 2025". 14h30 yín, ẹ kọ ọ́ ní "2.30 pm" tàbí "14:30".

Akẹ́kọ̀ọ́_BAC (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ṣé kọ́mà máa ń wà ṣáájú "and" nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ? Ìwé kan ní bẹ́ẹ̀ ni, òmíràn ní rárá.

Ọlọ́jà_Ouando

Rárá ni o. Faransé kì í fi í ṣáájú "et".

Aṣògbufọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ fi ti Faransé sílẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Bìrìtìkó sábà máa ń yọ ọ́, ìwé Amẹ́ríkà sábà máa ń fi í sí i. Oxford University Press ń lò ó, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ, "Oxford comma". Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe. Ohun tó burú ni kí o fi í sí ojú ewé kìn-ín-ní kí o sì yọ ọ́ ní ojú ewé kejì. Bí àìsí rẹ̀ bá sì máa da ìtumọ̀ rú, fi í síbẹ̀. Wo "I invited my uncles, the mayor and the tailor". Ṣé ènìyàn mélòó ló wá? Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi gan-an ni olórí ìlú àti aránṣọ. Fi kọ́mà sí ẹ̀yìn "mayor", iyèméjì tán.

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

Èmi kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan èyí tó wù ú. Kó fi í sí i nígbà gbogbo, kó yé ronú lórí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí kọ́mà bá ti wà nínú ohun tí à ń tò pàápàá, àmì ; ló máa yà wọ́n: "Ketu, in Plateau; Savè, in Collines; and Porto-Novo, in Ouémé."

Aṣògbufọ̀_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, lórí ìyẹn a kò ní gbà fún ara wa. Ti àmì ; yẹn dáa gan-an.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Kọ́mà ṣáájú "who" àti "which" ńkọ́?

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

Yọ awẹ́-gbólóhùn náà kúrò, kí o wò ó bóyá a ṣì mọ ohun tí à ń sọ. "Akaba Idena, which is in Ketu, is an old gate." Akaba Idena kan ṣoṣo ló wà, àfikún lásán ni "which is in Ketu", kọ́mà méjì ló gbà, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ti ìparí. "The gate that the king built" kò gba kọ́mà, torí pé tí a bá yọ "that the king built", a kò mọ ẹnubodè tí à ń wí mọ́. "That" kì í tẹ̀ lé kọ́mà nínú irú gbólóhùn yìí.

Wo ìtumọ̀ méjì yìí náà. "My brother who lives in Lagos is ill": ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ju ọ̀kan lọ, ti Èkó ni mò ń wí. "My brother, who lives in Lagos, is ill": ẹyọ kan ni mo ní.

Ìyá_Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ó kù ẹyọ kan. Wọ́n fagi lé "an university" àti "The life is hard".

Olùkọ́_Àjàṣẹ́

"A" àti "an", etí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn kì í wo lẹ́tà. "University" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró "yu", nítorí náà "a university", "a European". "Hour" àti "honest", a kì í gbọ́ "h" wọn: "an hour", "an honest man". "House", à ń gbọ́ ọ: "a house". Orúkọ ìgékúrú náà bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń pè é ni: "an SMS" nítorí "ẹs", "a BEPC" nítorí "bi".

Ti "The life is hard", Faransé ni: "La vie est dure." Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́kàn kí wọ́n tó kọ ọ́: "Ayé le." Kò sí "náà" níbẹ̀, kò sì sí "the" nínú "Life is hard". "Mo fẹ́ràn orin", "I like music". Tó bá jẹ́ orin kan pàtó ni, "Mo fẹ́ràn orin náà", "I like the music". Èyí kò ní bá gbogbo ibi mu o, nítorí "Oòrùn mú" ń gba "The sun is hot", ẹyọ kan tí gbogbo ayé mọ̀ ni oòrùn. Ṣùgbọ́n fún ohun tí à ń sọ ní gbogbogbòò, bí ayé, owó, ìfẹ́, omi, ẹ̀kọ́, ti Yorùbá ni kí wọ́n tẹ̀ lé.